“Kì í Ṣe Ẹ̀sìn, Ọ̀nà Ìgbé-Ayé Ni”: Ẹ Jẹ́ Ká Yẹ Gbólóhùn Yìí Wò



Gbólóhùn kan wà tó ti di orin lẹ́nu àwọn ènìyàn wa. Bí oṣù kẹjọ bá ti wọlé, tí ogúnjọ́ rẹ̀, ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe, bá ń súnmọ́ tòsí, ẹ ó máa gbọ́ ọ lórí rédíò, ẹ ó sì máa rí i lórí Facebook: “Ìṣẹ̀ṣe kì í ṣe ẹ̀sìn, ọ̀nà ìgbé-ayé ni.” Láti ìgbà tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Ògùn ti fún àwọn oníṣẹ̀ṣe ní ọjọ́ ìsinmi ní 2023, ohùn náà tún ròkè sí i ní Ṣágámù, ní Ìkẹ́nnẹ́ àti káàkiri ilẹ̀ Rẹ́mọ. Àwọn tó ń sọ ọ́ máa ń sọ ọ́ bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ti parí níbẹ̀. Àwọn mìíràn á tiẹ̀ fi Íńdíà jẹ́rìí: “Ẹ wo àwọn Híńdù. Wọn ò pe tiwọn ní ẹ̀sìn. Ọ̀nà ìgbé-ayé ni wọ́n ń pè é, gbogbo ayé sì ń bọ̀wọ̀ fún wọn.”

Mo fẹ́ yẹ gbólóhùn yìí wò lónìí. N kò ní sọ pé irọ́ ni. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé ó ní ibi tó ti ń ṣe rere, ó sì ní ibi tó ti ń pani lára, àti pé ìtàn àwọn Híńdù fúnra wọn, tí a fi ń jẹ́rìí, ló fi èyí hàn jù. Ẹni tó bá fẹ́ yá ẹ̀wù wọ̀, ó yẹ kó béèrè ara ta ni wọ́n wọ̀n ọ́n mọ́ kí wọ́n tó rán an.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá

Orúkọ yìí, “Híńdù,” kì í ṣe orúkọ tí àwọn tó ń jẹ́ ẹ sọ ara wọn. Odò ńlá kan wà tó ń jẹ́ Sindhu ní èdè Sanskrit. Àwọn ará Páṣíà ló ń pe àwọn tó ń gbé ní ẹ̀bá odò náà àti lódìkejì rẹ̀ ní Hindu. Orúkọ ibùgbé ni, kó tó di orúkọ ẹ̀sìn. Àfi bí ìgbà tí àjèjì kan bá dé ọ̀dọ̀ wa, tó gbọ́ pé odò Ògùn ni wọ́n fi sọ ìpínlẹ̀ wa lórúkọ, tó wá sọ pé “ẹlẹ́sìn Ògùn” ni gbogbo wa, àti babaláwo, àti àlùfáà, àti lèmọ́mù.

Ọ̀rọ̀ tí àwọn fúnra wọn ń lò ni dharma. Ìpìlẹ̀ rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìṣe kan tó túmọ̀ sí kí a gbé nǹkan ró, bí òpó ṣe ń gbé òrùlé ró. Ohun tó ń gbé ayé ró ni dharma: ojúṣe ọba sí ìlú, ojúṣe ọmọ sí òbí, ohun tí a lè jẹ àti èyí tó jẹ́ èèwọ̀, bí a ṣe ń wẹ̀, bí a ṣe ń ṣe òkú. Ẹ wá wo ọ̀rọ̀ tiwa, “ẹ̀sìn.” Inú “sìn” ló ti wá. A ń sin òrìṣà, a ń sin ọba, a sì ń sin àlejò dé ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ tiwa ń sọ ohun tí ẹnì kan ṣe fún ẹlòmíràn. Ọ̀rọ̀ tiwọn ń sọ ohun tó gbé gbogbo ènìyàn dúró. Ìyàtọ̀ yìí kò kéré, ẹ fi sọ́kàn, nítorí a ó tún padà sórí rẹ̀.

Ẹni tó jẹ́ kí gbólóhùn “ọ̀nà ìgbé-ayé” yìí gbajúmọ̀ láàárín àwọn ọ̀mọ̀wé ni Sarvepalli Radhakrishnan. Ọdún 1888 ni wọ́n bí i, ní ìhà gúúsù Íńdíà. Kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn oníwàásù, Madras Christian College, ló lọ. Níbẹ̀ ló ti ń gbọ́ pé ẹ̀sìn àwọn baba òun kò ní ẹ̀kọ́ ìwà kankan nínú, pé òrìṣà lásán àti àlá lásán ni. Ọ̀rọ̀ yìí dùn ún. Iṣẹ́ ìwádìí tó kọ́kọ́ ṣe, ní 1908, ìdáhùn sí i ni. Nígbà tó di 1926, wọ́n pè é sí Oxford kó wá sọ àsọyé mẹ́rin. Ní 1927 ni àwọn àsọyé náà di ìwé kékeré kan, The Hindu View of Life. Ẹni yìí kan náà ló wá di Ààrẹ Íńdíà láti 1962 títí di 1967.

Ohun tí ìwé náà ń sọ kò ṣòro. Ó ní ẹ̀sìn Híńdù kò ní olùdásílẹ̀ kan, kò ní ìjẹ́wọ́ ìgbàgbọ́ kan tí gbogbo ènìyàn gbọ́dọ̀ kà sókè, kò sì ní wòlíì kan tí ó pa ilẹ̀kùn dé lẹ́yìn ara rẹ̀. Ohun tí ènìyàn bá fojú ara rẹ̀ rí nípa Ọlọ́run, àti bí ó ṣe ń gbé ayé rẹ̀, ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá ń bọ Vishnu, kó máa bọ ọ́. Ẹni tó bá ń bọ Shiva, kó máa bọ ọ́. Ẹni tí kò fẹ́ ère rárá, ọ̀nà wà fún un. Àwa náà mọ èyí: ọ̀nà kan ò wọjà.

Àwọn òpó tó wà nínú ilé náà

Ẹ jẹ́ n to àwọn ìpìlẹ̀ rẹ̀ kalẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ tó ń dárúkọ Híńdù nílé wa, fíìmù Íńdíà àti òrùka Íńdíà tí wọ́n ń ta fún oògùn ni wọ́n mọ̀. Ní etíkun Bìní àti Tógò pàápàá, àwọn olùbọ Màmí Wàtá ti mú àwòrán àwọn òrìṣà Híńdù tí wọ́n tẹ̀ sórí bébà, wọ́n sì fi wọ́n sójúbọ. Íńdíà tó wà lọ́kàn wa, Íńdíà agbára àràmàǹdà ni. Àwọn Híńdù tó wà lóde ayé jẹ́ ènìyàn bíi tiwa, tí ń ronú owó iléèwé ọmọ. Ní ìkànìyàn 2011 ní Íńdíà, wọ́n lé ní 960 mílíọ̀nù, ìyẹn nǹkan bí mẹ́jọ nínú ènìyàn mẹ́wàá.

Lẹ́yìn dharma, èkejì ni karma: ohun tí o bá ṣe kò ní ṣègbé, yóò padà wá bá ọ, bí kò bá jẹ́ ní ayé yìí, á jẹ́ ní ayé mìíràn. Ẹ̀kẹta ni samsara, ìyípo ìbí àti ikú, tí ẹ̀mí ń lọ tó ń bọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ̀kẹrin ni moksha, ìtúsílẹ̀ kúrò nínú ìyípo yẹn. Wọ́n tún ní ohun mẹ́rin tó tọ́ kí ènìyàn lépa: dharma fúnra rẹ̀, ọrọ̀, ìgbádùn, àti ìtúsílẹ̀. Wọ́n sì pín ọjọ́ ayé sí mẹ́rin: ìgbà ẹ̀kọ́, ìgbà tí a ń gbọ́ bùkátà ilé, ìgbà tí a ń yọwọ́ yọsẹ̀ díẹ̀díẹ̀ nínú kùkùkẹ̀kẹ̀, àti ìgbà tí a fi ohun gbogbo sílẹ̀ tí a kọjú sí Ọlọ́run nìkan.

Ohun tó wù mí jù nínú ètò yìí ni pé kò bú owó, kò sì bú ìgbádùn. Ohun gbogbo ló ní àsìkò tirẹ̀, dharma sì ni olórí wọn. Àgbà Rẹ́mọ kan tó ń tọrọ ire owó, ire ọmọ àti ire àìkú kò ní ṣe àjèjì níbẹ̀. Èmi tí mo ti fẹ̀yìntì báyìí, tí mo wà ní ìpín kẹta, ètò náà yé mi ju bó ṣe yé mi nígbà tí mo ń kọ́ yín lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ ká tètè sọ pé “ọ̀kan náà ni wá.” Mo máa ń gbọ́ pé karma ni àyànmọ́. Rárá o. Karma jẹ́ èrè iṣẹ́ ọwọ́ ẹni láti ayé tó ti kọjá. Orí tiwa, a yàn án ni, àkúnlẹ̀yàn ni. Ẹni tó yan orí tí kò dára ní ilé Àjàlá kò jẹ gbèsè ẹ̀ṣẹ̀ kankan, kò kàn mọ èyí tó dáa ni. Bákan náà, ẹ wo àtúnwáyé. Bí bàbá àgbà bá kú, tí a bí ọmọkùnrin, tí a sọ ọ́ ní Babátúndé, ijó là ń jó. Lọ́dọ̀ àwọn Híńdù, ìpadàbọ̀ yẹn gan-an ni ìdè tí wọ́n ń wá bí wọ́n ṣe máa já. Ohun tí a ń fi ṣe ìsọmọlórúkọ ni wọ́n ń gbàdúrà kó dópin. Ẹni tó bá sọ pé ìwọ̀nyí jẹ́ ọ̀kan náà kò tíì gbọ́ ti ẹnì kankan nínú àwọn méjèèjì.

Ìwé méjì, ọ̀tá kan

Ní 1962, ọdún tí Radhakrishnan di Ààrẹ, ìwé tiwa náà jáde: Olódùmarè: God in Yoruba Belief, tí Bọ́lájí Ìdòwú kọ. Ọmọ Ìkòròdú ni, àlùfáà ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, olùkọ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ẹ ka ìwé méjèèjì tẹ̀lé ara wọn, ẹ ó rí i pé ẹnì kan náà ni wọ́n ń dá lóhùn: òyìnbó oníwàásù tó sọ pé abọ̀rìṣà lásán ni wá. Radhakrishnan ní àwọn òrìṣà Híńdù pọ̀, àmọ́ Ẹnìkan ni wọ́n ń tọ́ka sí. Ìdòwú ní àwọn òrìṣà Yorùbá jẹ́ ìránṣẹ́ Olódùmarè, àti pé ọ̀rọ̀ ìwà ló wà nídìí ohun gbogbo.

Iṣẹ́ ńlá ni àwọn méjèèjì ṣe, a ò sì gbọdọ̀ fojú kéré rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé tí a kọ láti fi dá àlejò lóhùn ní àléébù kan: ohun tí àlejò yóò bọ̀wọ̀ fún ni òǹkọ̀wé máa ń gbé síwájú, a sì ti èyí tó kù sí yàrá ẹ̀yìn. Okot p'Bitek, ọmọ Ùgáńdà, sọ irú ọ̀rọ̀ yìí ní 1970 nípa àwọn ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ Áfíríkà: ó ní wọ́n ń wọ ẹ̀wù àwọn Gíríìkì fún òrìṣà baba wọn. Ìbéèrè tí mo fẹ́ bi Radhakrishnan yàtọ̀ díẹ̀ sí ti Okot. Tí dharma bá jẹ́ òpó tó gbé ilé ró, ta ni òpó náà dúró lé lórí?

Ẹni tí ìwé náà kò bi léèrè

Ó wà nínú àsọyé kẹrin. Ibẹ̀ ni Radhakrishnan ti dé orí káàsì, ìyẹn ìpín tí wọ́n ń bí ènìyàn sí, tí kò lè kúrò nínú rẹ̀ títí yóò fi kú. Ó gbà pé àṣejù ti wọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n ó gbèjà ìpìlẹ̀ rẹ̀. Lójú rẹ̀, ọgbọ́n ni, kí oríṣiríṣi ènìyàn lè máa gbé pọ̀ láìpa ara wọn run. Ó kọ ọ́ dáadáa, èdè rẹ̀ dùn, ẹni tó bá ń kà á ní Oxford lè mi orí.

Ní 1927 kan náà tí ìwé yẹn jáde, ní oṣù kẹta, ní ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Mahad, B. R. Ambedkar kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn lẹ́yìn lọ síbi adágún omi ìlú, wọ́n sì bu omi mu. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Omi ni wọ́n mu. Àmọ́ wọ́n wà lára àwọn tí dharma sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fara kàn. Ẹran lè mu níbẹ̀, àwọn kò lè mu. Àwọn tó wà ní ìpín òkè fi igi àti òkúta lù wọ́n, lẹ́yìn náà wọ́n ṣe ètùtù láti wẹ adágún náà mọ́. Nígbà tí Ambedkar wà ní ọmọ iléèwé, orí àpò ló ń jókòó sí, lọ́tọ̀. Bí òǹgbẹ bá ń gbẹ ẹ́, ó ní láti dúró de ìránṣẹ́ iléèwé kó wá da omi sí i lẹ́nu láti òkè, kí ó má bàa fọwọ́ kan ife. Ọmọ yìí ló wá gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Columbia, ní Amẹ́ríkà, àti ní London.

Ní 1936 ó kọ àsọyé kan, Annihilation of Caste. Ẹgbẹ́ tó pè é sí Lahore rí ohun tó kọ, wọ́n fagi lé ìpàdé náà, òun náà sì fi owó ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Ohun tó ń sọ ni pé ohun tí wọ́n ń pè ní ẹ̀sìn yìí, àkójọ àṣẹ ni: ṣe èyí, má ṣe tọ̀hún. Ó ní ẹ̀sìn tòótọ́ máa ń dá lórí ìlànà tí ènìyàn lè fi orí ara rẹ̀ rò, tó sì lè dáhùn fún. Ẹ rí i pé gbólóhùn Radhakrishnan náà lòun náà ń sọ, àmọ́ láti ìsàlẹ̀: bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀nà ìgbé-ayé ni, ìdí nìyẹn tí n kò fi rọ́nà sá. Ẹ̀sìn tó wà nínú tẹ́ḿpìlì, mo lè dúró síta rẹ̀. Èyí tó wà nínú omi, nínú ọ̀nà, nínú àpò tí mo jókòó lé ńkọ́?

Ambedkar ló jẹ́ alága ìgbìmọ̀ tó kọ ìwé òfin Íńdíà, èyí tí abala 17 rẹ̀ fòpin sí ìwà má-fara-kàn-án. Ní oṣù kẹwàá 1956, ní Nagpur, òun àti ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹgbẹ̀rún ènìyàn di ẹlẹ́sìn Búdà. Kò tíì pé oṣù méjì lẹ́yìn rẹ̀ tó fi kú.

Gbólóhùn kan, ẹjọ́ méjì

Bí ẹ bá rò pé ìjà àwọn ọ̀mọ̀wé lásán ni èyí, ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Íńdíà. Lẹ́yìn òmìnira, òfin wà ní Bombay pé kí wọ́n ṣí tẹ́ḿpìlì Híńdù fún àwọn tí wọ́n ń pè ní má-fara-kàn-án. Àwọn ọmọ ìjọ Swaminarayan ní Ahmedabad gbé ẹjọ́ lọ ní 1948, wọ́n ní àwọn kì í ṣe Híńdù, ẹ̀sìn tiwọn dá yàtọ̀, òfin náà kò kan tẹ́ḿpìlì àwọn. Ẹjọ́ yìí rìn títí di oṣù kìíní 1966. Adájọ́ àgbà, Gajendragadkar, gbé èrò Radhakrishnan jáde: ẹ̀sìn Híńdù kò ní wòlíì kan tàbí ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo, ọ̀nà ìgbé-ayé ni, ó fẹ̀ tó láti gba ìjọ yín náà. Nítorí náà Híńdù ni yín, ẹ ṣí ilẹ̀kùn. Níbí, gbólóhùn wa ṣe rere. Ẹni tó wà lóde wọlé.

Oṣù kejìlá 1995 ló tún padà dé. Òfin ìdìbò wọn ti 1951 sọ pé olóṣèlú kò gbọdọ̀ fi ẹ̀sìn tọrọ ìbò. Wọ́n pe àwọn olóṣèlú kan ní Maharashtra lẹ́jọ́ lórí èyí. Adájọ́ Verma ní bí ẹnì kan bá pe orúkọ Híńdù nínú ìpolongo, a kò lè sọ lójú ẹsẹ̀ pé ẹ̀sìn ló fi ń tọrọ ìbò, nítorí pé ọ̀nà ìgbé-ayé àwọn ará Íńdíà ni. Ọ̀kan nínú wọn, Prabhoo, pàdánù ìjókòó rẹ̀, torí ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ níbi ìpolongo rẹ̀ ti le jù. Ṣùgbọ́n Manohar Joshi, tí wọ́n ní ó sọ pé Maharashtra ni ìpínlẹ̀ Híńdù àkọ́kọ́ yóò ti bẹ̀rẹ̀, jàre ẹjọ́ tirẹ̀. Gbólóhùn tó ṣílẹ̀kùn ní 1966 ti di ohun tí olóṣèlú lè fi bo orí. Mùsùlùmí Íńdíà àti Kírísítẹ́nì Íńdíà ńkọ́? Bí Híńdù bá jẹ́ ọ̀nà ìgbé-ayé gbogbo ará ilẹ̀ náà, kí ni a ó máa pe ẹni tí kò gbà á, tó sì jẹ́ pé ibẹ̀ ni wọ́n bí baba rẹ̀ sí?

Ó kàn wá

Ẹ jẹ́ ká padà sílé wàyí. Ní oṣù keje 1999, lásìkò Orò ní Ṣágámù, wọ́n pa obìnrin Hausa kan tí wọ́n ní ó jáde lóru Orò. Ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn ará ìlú àti àwọn Hausa tó ń gbé láàárín wa. Ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ṣòfò, ilé àti ọjà jóná. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, wọ́n ti ń gbẹ̀san lára àwọn Yorùbá ní Kano, àwọn tí kò mọ ọwọ́ mọ ẹsẹ̀.

N kò kọ èyí láti bú Orò. Orò ní iṣẹ́ tó ń ṣe ní ìlú: ó ń lé ibi lọ, ó ń kó àgbà jọ, òun ni wọ́n fi ń ṣe ìdájọ́ nígbà tí kò sí ilé ẹjọ́ mìíràn. Ohun tí mo ń béèrè ni èyí: nígbà tí a bá sọ pé Orò kì í ṣe ẹ̀sìn àwọn kan, pé ọ̀nà ìgbé-ayé ìlú ni, obìnrin yẹn ńkọ́? Inú ìlú náà lòun náà ń gbé. Àwọn ìyá wa, àwọn àbúrò wa obìnrin, tí wọ́n tó ìdajì ìlú, ìgbà wo ni a bi wọ́n?

Ẹ wo bí gbólóhùn náà ṣe ń yí padà lẹ́nu wa. Bí a bá ń bẹ ìjọba fún ọjọ́ ìsinmi, Ìṣẹ̀ṣe jẹ́ ẹ̀sìn bíi ti Kírísítẹ́nì àti Mùsùlùmí, abala 38 nínú ìwé òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti 1999 sì dáàbò bò ó. Òótọ́ ni, ẹ̀tọ́ wọn ni. Àmọ́ bó bá di ọ̀rọ̀ kí gbogbo ènìyàn wọlé, kì í ṣe ẹ̀sìn mọ́, ó ti di àṣà ìlú. Abala 38 tó dáàbò bo ẹni tó ń bọ Orò, òun náà ló dáàbò bo ẹni tí kò bọ ọ́. Abala 41 sì fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà láyè láti rìn. Ní 2018, ilé ẹjọ́ gíga tó wà ní Ìpókíá, ní ìpínlẹ̀ wa níbí, sọ pé Orò kò gbọdọ̀ sé ará ìlú mọ́lé lójú ọ̀sán. Ìdájọ́ yẹn kò pa Orò run. Ó kàn sọ fún un pé ẹ̀sìn ni.

Kí àwọn Kírísítẹ́nì àti Mùsùlùmí má tíì máa pàtẹ́wọ́ o. Ẹni tó bá ti há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ ní ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, nígbà tí àwọn àgọ́ ìjọ bá ń ṣe ìpàdé, mọ ohun tí mò ń sọ. Aláboyún tó wà nínú ọkọ̀ yẹn kò forúkọ sílẹ̀ fún ìsọjí kankan. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn tó ń ké láàárín òru, bóyá ti ìjọ ni tàbí ti mọ́ṣáláṣí, irú Orò kan lòun náà: ó sọ ìgbàgbọ́ ẹnì kan di oorun ẹlòmíràn.

Ọ̀rọ̀ ìsìnkú àwọn ọba ńkọ́? Ní bí ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ilé aṣòfin Ìpínlẹ̀ Ògùn gbé òfin dìde kí ọba lè gba ìsìnkú ní ìlànà ẹ̀sìn tirẹ̀, àwọn oníṣẹ̀ṣe sì fi ìbínú hàn. Lórí èyí, ó dá mi lójú pé ọ̀rọ̀ wọn ní ìwọ̀n ju ti Orò lọ. Ọba kò dà bí obìnrin Sábó. Àgbà ni nígbà tó wọ ìpèbí, ó mọ ohun tó ń gbà, ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun gbà. Bí gbólóhùn “ọ̀nà ìgbé-ayé” bá de ẹnikẹ́ni, ẹni tó fúnra rẹ̀ yàn án ló yẹ kó dè. Ẹ lè má gbà fún mi, àmọ́ ẹ rí ibi tí mo fà á sí: bóyá ẹni náà yàn án.

Ẹnì kan sì wà tó yan tirẹ̀ lójú gbogbo ayé. Wọ́n bí Táí Ṣólàrín ní Ìkẹ́nnẹ́ ní 20 oṣù kẹjọ 1922, ọjọ́ tí a wá ń pè ní ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe lónìí. Kò ṣe ẹ̀sìn kankan, kò sì fi pamọ́. Ní oṣù kìíní 1956, ó dá iléèwé Mayflower sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ kan náà, iléèwé tí kò kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì sí, tí àwọn ọmọ ti ń roko, tí wọ́n sì ń fi ọwọ́ ara wọn ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá ń wá ẹni tó ní ọ̀nà ìgbé-ayé ní Rẹ́mọ, ẹni yẹn nìyẹn: ṣòkòtò péńpé, iṣẹ́ àṣekára, òtítọ́ tí kì í wo ojú ẹnikẹ́ni. Ìkẹ́nnẹ́ sì gbà á, títí ó fi kú ní 1994. Inú mi máa ń dùn pé ìlú wa lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣágámù fúnra rẹ̀ kì í ṣe ìlú baba kan. Ìlú mẹ́tàlá ló kó jọ síbẹ̀ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, olúkálukú pẹ̀lú àdúgbò àti ojúbọ tirẹ̀. Àdéhùn ló kọ́ ọ. Ẹni tó bá wá ń sọ̀rọ̀ lónìí bí ẹni pé ọ̀nà ìgbé-ayé kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀ láti ìṣẹ̀dálẹ̀ ti gbàgbé ìtàn ìlú rẹ̀.

Ohun tó kù

Ìdájọ́ mi lórí gbólóhùn náà nìyí. Bí ènìyàn bá sọ ọ́ nípa ara rẹ̀, ó dára púpọ̀. Ó ń sọ pé òun kò ní fi ìgbàgbọ́ òun sílẹ̀ sí ojúbọ kí òun tó lọ sọ́jà, pé òun yóò fi wọn nǹkan fún oníbàárà, òun yóò fi bá ìyàwó òun sọ̀rọ̀. Ohun tí Radhakrishnan rí nìyẹn, ohun tí Ìdòwú náà rí nínú ọ̀rọ̀ ìwà nìyẹn. Àmọ́ bí ó bá sọ ọ́ nípa aládùúgbò rẹ̀, ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́ta. Ta ló yàn án? Ẹni tí kò bá fẹ́, ṣé ó lè sọ pé òun ò fẹ́, kó sì sùn kí ó jí ní àlàáfíà? Kí sì ni ẹni tó wà nísàlẹ̀ pátápátá nínú rẹ̀ sọ nípa rẹ̀?

Fún ẹ̀yin tí ẹ ṣì ń kọ́ni, ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ má ṣe fún akẹ́kọ̀ọ́ ní The Hindu View of Life láìfi Annihilation of Caste tì í. Kí ẹ sì wá ẹni tí yóò kọ irú ìwé kejì yẹn fún Olódùmarè ti Ìdòwú, nítorí a kò tíì ní ìwé tí obìnrin tó wà nínú ilé lóru Orò kọ. Nígbà tó bá jáde, àwa àgbà yóò ní láti jókòó kà á.

Èmi ní tèmi, “ẹ̀sìn” tó wá láti inú “sìn” ṣì tẹ́ mi lọ́rùn. Ó ń rán mi létí pé ẹni tó ń sìn ló ń ṣe é, kì í ṣe ẹni tí wọ́n tì í lé lórí. Àwọn baba wa sì ti sọ ọ́: bí a bá gé igi nígbó, ká fi ọ̀rọ̀ ro ara wa wò.

Ẹni tó bá rí i pé mo ṣe ojúsàájú níbì kan, kó kọ̀wé sí mi. Ẹ̀yin tí mo kọ́ mọ̀ pé n kì í bínú sí iyàn tó bá ní ẹ̀rí.